Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Bí Ẹnu Kíndìnrín Bá Dí, Ẹ Má Jẹ́ Kó Pẹ́

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ ní oṣù yìí kì í ṣe ti èlé tàbí ti owó ìpín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó yóò wọ inú rẹ̀ kí a tó parí. Ọ̀rọ̀ ara ni. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá le kò lè jókòó ti ìsọ̀, ẹni tí kò bá sì jókòó ti ìsọ̀, níbo ni yóò ti rí owó àjẹṣẹ́kù san? Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán: ìlera loògùn ọrọ̀.

Àìsàn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde kúrò nínú kíndìnrín ló máa ń fún tàbí kó dí. Kì í ṣe àìsàn tó wọ́pọ̀ bí ibà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n, nítorí pé bí a bá tètè bá a, a lè tún un ṣe kí kíndìnrín sì yè. Bí a bá pẹ́, gígé ni wọn yóò gé kíndìnrín náà dànù. Ọ̀nà ìtọ́jú rẹ̀ sì ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ihò kékeré ni wọ́n ń lù báyìí ní ibi tí wọ́n ti ń la ẹ̀gbẹ́ ènìyàn gbọọrọ tẹ́lẹ̀. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ mú lọ sílé nínú ẹ̀kọ́ yìí: kí a tètè lọ, kí a yan ìtọ́jú tó bá àìsàn mu, kí a sì parí ìtọ́jú tí a bá bẹ̀rẹ̀.

1. BÍ KÍNDÌNRÍN ṢE Ń ṢIṢẸ́

Kíndìnrín méjì ni Ọlọ́run dá mọ́ wa, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lábẹ́ egungun ìhà. Ìkọ̀ọ̀kan wọn tó ìkúùkù àgbàlagbà. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ń sẹ́ ògì. Wọ́n á dá ohun tó wúlò padà sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì da ìdọ̀tí àti omi tó bá pọ̀ jù síta. Èyí tí wọ́n dà síta yìí ni ìtọ̀.

Nínú kíndìnrín, ibì kan wà tí ìtọ̀ kọ́kọ́ ń kó jọ sí. Ó rí bí àrọ tí àwọn ìyá elépo fi ń rọ epo sínú ìgò: òkè rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín. Láti ìdí àrọ yìí ni ọ̀pá ìtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí àpò ìtọ̀ ní ìsàlẹ̀ ikùn. Ọ̀pá náà gùn tó rúlà ọmọ iléèwé, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, ṣùgbọ́n ihò inú rẹ̀ kò ju mìlímítà 3 tàbí 4 lọ. Ìtọ̀ kì í kàn ṣàn gba inú rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ọ̀pá náà fúnra rẹ̀ ló ń fún ìtọ̀ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀fun ṣe ń ti òkèlè lọ sínú. Ìdí nìyí tí ìtọ̀ fi ń rí ọ̀nà lọ kódà bí a bá dùbúlẹ̀ sórí ẹní.

Ibi tí ìdí àrọ ti pàdé ẹnu ọ̀pá ni ọ̀rọ̀ wa wà lónìí. A ó máa pè é ní oríkèé.

2. OHUN TÓ Ń DÍ ORÍKÈÉ NÁÀ

Ohun mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkíní, àbímọ́ni. Láti inú oyún ni ẹran ara tó wà ní oríkèé náà kò ti tò bó ṣe yẹ, tí kò lè fún ìtọ̀ lọ sísàlẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ, ó sì wọ́pọ̀ lápá òsì ju ọ̀tún lọ. Ènìyàn lè gbé e láti ìgbà ọmọdé, kó tó ogún ọdún tàbí ogójì ọdún kó tó mọ̀.

Èkejì ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba ibi tí kò yẹ kó gbà. Àwọn ènìyàn kan wà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan, tó ń lọ sí ìdí kíndìnrín, gba iwájú oríkèé náà kọjá, tó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ wo rọ́bà tí a fi ń bu omi sínú dúrọ́ọ̀mù: bí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, omi yóò kéré lẹ́nu rẹ̀, kì í sì í ṣe pé rọ́bà náà bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta ni àpá. Òkúta inú kíndìnrín, kòkòrò àrùn, tàbí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe níbẹ̀ rí lè fi àpá sílẹ̀, àpá náà a sì fún ọ̀nà pọ̀.

Èyí tó wù kó jẹ́, ìtọ̀ tí kò rí ọ̀nà lọ yóò kó jọ sókè. Àrọ yóò máa wú, yóò máa tẹ ẹran kíndìnrín mọ́ ẹ̀gbẹ́, títí ẹran náà yóò fi fẹ́lẹ́. Omi tó bá sì dúró lójú kan kì í pẹ́ bàjẹ́: kòkòrò á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé inú rẹ̀, òkúta náà lè ṣù síbẹ̀.

3. ÀMÌ TÍ A FI Ń MỌ̀ Ọ́N

Àmì tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹ̀gbẹ́ kan máa dun ènìyàn, lábẹ́ ìhà, kó máa dé kó máa lọ. Ẹ kíyè sí i dáadáa bó bá jẹ́ pé ìgbà tí a bá mu omi púpọ̀ tàbí tí a mu ọtí bíà ni ìrora náà ń dé. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ìtọ̀ pọ̀ lójijì, ọ̀nà kò gbà á, àrọ wú. Èébì lè bá a rìn. Bí wákàtí mélòó kan bá kọjá, ó lè lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Dókítà ará Pólándì kan, Józef Dietl, ti kọ̀wé nípa irú ìrora ẹ̀gbẹ́ tó ń dé lójijì báyìí ní ọdún 1864.

Àmì mìíràn ni kí ẹ̀jẹ̀ hàn nínú ìtọ̀, tàbí kí àrùn ọ̀nà ìtọ̀ máa padà wá lẹ́yìn tí a ti lo oògùn rẹ̀. Lára ọmọ ọwọ́, wọ́n lè fọwọ́ kan ohun tó wú nínú ikùn. Nígbà mìíràn, sìkáànì tí wọ́n ṣe fún aláboyún ló máa ń fi í hàn kí a tó bí ọmọ náà pàápàá.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Ẹ̀gbẹ́ dun ènìyàn, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n ní ẹrù tó gbé ló pọ̀ jù. Àwọn kan á ní kó mu bíà kó fi fọ kíndìnrín, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń dá ìrora náà sílẹ̀ gan-an ni wọ́n ní kó mu un. Ẹlòmíràn á lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, á máa ra oògùn ìrora bíi ibuprofen tàbí diclofenac lójoojúmọ́. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè pa kíndìnrín lára bí a bá ń lò ó lálòjù, pàápàá kíndìnrín tí ara rẹ̀ kò yá tẹ́lẹ̀. Àgbo náà ńkọ́? Kò sí àgbo tó lè la ibi tó fún láti inú ìyá, kò sì sí èyí tó lè sún iṣan ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn àgbo mìíràn sì wà tó ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ẹ gbọ́ èyí o, kò ṣe é fi falẹ̀: bí ẹ̀gbẹ́ bá ń dun ènìyàn, tí ara rẹ̀ sì gbóná, tí òtútù ń mú un gbọ̀n, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ìtọ̀ tó há ti di ọyún nìyẹn, ó sì lè pa ènìyàn. Bákan náà ni ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ dáwọ́ dúró pátápátá. Ní irú àsìkò yìí, àwọn dókítà lè lu ihò kékeré láti ẹ̀yìn, kí wọ́n fi rọ́bà fa ìtọ̀ síta, kí wọ́n tó ronú kan iṣẹ́ abẹ rárá.

4. ÌRORA KÌ Í ṢE ÒṢÙWỌ̀N

Ohun tó burú nínú àìsàn yìí ni pé kíndìnrín lè kú láìpariwo. Bí ọ̀kan bá ń rẹ̀yìn, èkejì á gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Olúwarẹ̀ á máa tọ̀, á máa jẹun, á máa nájà. Nígbà mìíràn ìrora tó ń dé tẹ́lẹ̀ tilẹ̀ lè dẹwọ́ nítorí pé kíndìnrín náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ìtọ̀ mọ́. Àwọn ará ilé á ní ó ti san.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sínú ìwé ìṣirò wa. Ká sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ kan ní ìsọ̀ méjì, tó sì ń da owó méjèèjì sínú àpótí kan. Ìsọ̀ kan ń jẹ gbèsè, èkejì ń tà wàràwàrà. Bó bá ka owó àpótí lálẹ́, owó pé, á ní ọjà ń lọ. Ọjọ́ tó bá ya ìwé ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ ni yóò tó mọ̀ pé ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní creatinine dà bí kíka owó àpótí. Ó lè dára níbi tí kíndìnrín kan ti ń kú lọ, nítorí pé àpapọ̀ iṣẹ́ méjèèjì ló ń wò. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, “Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò sí nǹkan,” kó wá fi ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn ún sílẹ̀.

5. ÀYẸ̀WÒ TÓ YẸ

Sìkáànì tí a ń fi sórí ikùn ni a kọ́kọ́ ń ṣe. Kò dunni, kò sì wọ́n púpọ̀ bí a bá fi í wé àwọn yòókù. Òun ló ń fi hàn bí àrọ bá ti wú. Lẹ́yìn rẹ̀, dókítà lè ní kí a lọ ṣe sìkáànì ńlá tí wọ́n ń pè ní CT, èyí tó ń fi ojú ibi tó fún hàn, tó sì lè fi iṣan ẹ̀jẹ̀ tó rékọjá níbẹ̀ hàn. Ṣáájú ìgbà CT, ẹ́síréè tí wọ́n ń fún ènìyàn lábẹ́rẹ́ àwọ̀ kí wọ́n tó yà ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń lò ó síbẹ̀ níbi tí CT kò bá sí.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń ya ìwé ìsọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Renogram ni wọ́n ń pè é. Wọn yóò fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀rọ lè máa tẹ̀ lé nínú ara, ẹ̀rọ náà yóò sì sọ ìdá tí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú iṣẹ́, àti bí ìtọ̀ ṣe ń yára kúrò tó. Kíndìnrín tó dára ń ṣe nǹkan bí ìdajì ìdajì. Bí ọ̀kan bá ti já sí ìdá 10 tàbí 15 nínú 100, ọ̀pọ̀ dókítà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé bóyá kí wọ́n yọ ọ́ dànù ló dára jù. Kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní ẹ̀rọ yìí. Bí wọ́n bá darí yín sí ìlú mìíràn nítorí rẹ̀, ẹ má rò pé wọ́n ń lé yín.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí sìkáànì bá bá àrọ tó wú lára rẹ̀ ni wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n rí i lára wọn láti inú oyún ló ń sàn fúnra rẹ̀. Sísọ́ ni wọn yóò máa sọ́ wọn, pẹ̀lú sìkáànì láti ìgbà dé ìgbà. Àgbàlagbà tí kò ní ìrora, tí ìdá iṣẹ́ kíndìnrín rẹ̀ kò sì dínkù, wọ́n lè máa ṣọ́ òun náà. Ṣùgbọ́n ṣíṣọ́ yàtọ̀ sí gbígbàgbé. Ẹni tí wọ́n ní kó padà wá, kó padà lọ.

6. ÌTỌ́JÚ: LÁTI ABẸ GBỌỌRỌ DÉ IHÒ KÉKERÉ

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń gbìyànjú lórí oríkèé yìí. Ní 1886, Friedrich Trendelenburg, ará Jámánì, gbìyànjú láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n aláìsàn náà kú. Ní 1891, Ernst Küster, ará Jámánì bákan náà, ṣe tirẹ̀, ó sì yọrí. Ní 1949, J. C. Anderson àti W. Hynes, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa ọ̀nà kan tó jẹ́ pé òun ni gbogbo ayé ṣì ń tẹ̀ lé títí dòní.

Ọ̀nà náà yóò yé àwọn télọ̀ wa dáadáa. Wọ́n á gé ibi tó fún kúrò pátápátá. Wọ́n á la etí ọ̀pá tó kù díẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè fẹ̀, wọ́n á gé lára àrọ tó ti wú jù, wọ́n á sì fi òwú tó tín-ín-rín gan-an rán ẹnu ọ̀pá mọ́ ìdí àrọ. Bó bá jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ló tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn kì í gé iṣan náà, nítorí pé òun ló ń bọ́ apá kan kíndìnrín. Wọ́n á gbé ọ̀pá gba iwájú rẹ̀ kí wọ́n tó rán an, tí kò fi ní í tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Iṣẹ́ kan náà yìí ni wọ́n ń ṣe lónìí. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé ló yàtọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà.

(a) Abẹ gbọọrọ. Wọ́n á la ẹ̀gbẹ́ ènìyàn. Ojú abẹ náà lè gùn tó àtẹ́lẹwọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń yọrí fún ẹni tó ju 9 lọ nínú 10. Ohun tí à ń sá fún nínú rẹ̀ ni ìrora ojú abẹ àti bí ara ṣe ń pẹ́ kó tó padà bọ̀ sípò.

(b) Ihò kékeré láti iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́. Ní 1993 ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀. Wọ́n á lu ihò 3 tàbí 4, tí ìkọ̀ọ̀kan kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Wọ́n á fi afẹ́fẹ́ wú ikùn kí àyè lè gbà wọ́n, wọ́n á ki kámẹ́rà kékeré wọlé láti ihò kan, wọ́n á sì ki àwọn irinṣẹ́ wọlé láti inú ìyókù. Ojú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń gé tí wọ́n fi ń rán. Ìránṣọ náà kò yàtọ̀ sí ti Anderson àti Hynes, ó sì ń yọrí fún ẹni tó ju 9 lọ nínú 10 bákan náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni àwọn ọsibítù kan ti ń lo ẹ̀rọ robot fún un: dókítà ló ń darí ọwọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kì í dá ṣiṣẹ́. Àbájáde rẹ̀ kò jìnnà sí ti kámẹ́rà lásán, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ jù.

(d) Gígé láti inú. Láàárín 1980 sí 1990 ni èyí gbilẹ̀. Wọn kò gé ibi tó fún kúrò, wọn kò sì rán nǹkan kan. Wọ́n á gba ihò kan láti ẹ̀yìn wọ inú kíndìnrín, tàbí kí wọ́n gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ láti ìsàlẹ̀ gòkè láìlu ihò rárá, wọ́n á wá fi abẹ tàbí iná lesa la ibi tó fún láti inú. Wọ́n á fi rọ́bà sí i láàárín kó lè jinná ní fífẹ̀. Ó yá, ara sì tètè ń le. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 7 tàbí 8 nínú 10 ló ń yọrí fún, ìyẹn bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣa àwọn tó yẹ fún un. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá rékọjá níbẹ̀, bí àrọ bá ti wú ju bó ṣe yẹ, tàbí bí ibi tó fún bá gùn, kò bá wọn mu. Ó sì lè já iṣan ẹ̀jẹ̀. Ó wúlò fún àwọn kan tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún rí tí ibẹ̀ tún fún padà.

7. ÈWO NI KÍ A MÚ?

Ọlọ́jà ni wá, ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ ọjà ṣírò rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe abẹ gbọọrọ fún sábà máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ 6 kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́ gidi. Ọjọ́ 42 nìyẹn. Bó bá jẹ́ ọjà ọrún-ọrún ló ń ná, nǹkan bí ọjà 10 ló lọ. Ẹni tí wọ́n lu ihò kékeré fún sábà máa ń kúrò ní ọsibítù láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè padà sí iṣẹ́ ìjókòó láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, ìyẹn ọjà 4 tàbí 5. Ẹrù wúwo nìkan ni kò tíì gbọdọ̀ gbé, àfi bí dókítà bá yọ̀ǹda. Nítorí náà, bí iye tí ọsibítù ń gbà fún ti kámẹ́rà bá ju ti abẹ gbọọrọ lọ, kí a ṣírò ọjà tí a kò ní í pàdánù mọ́ ọn kí a tó sọ pé ó wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi ìwọ̀n ihò nìkan ra ọjà. Ihò tó kéré jù kì í ṣe ìtọ́jú tó dára jù ní gbogbo ìgbà. Bí wọ́n bá gé e láti inú fún ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ rékọjá níbẹ̀, ó lè fún padà, kó sì san owó lẹ́ẹ̀mejì. Abẹ gbọọrọ náà kì í ṣe ohun ẹ̀gàn. Lọ́wọ́ dókítà tó mọ̀ ọ́n ṣe, tí kò sì ní ẹ̀rọ kámẹ́rà nítòsí, ó sàn púpọ̀ ju kí a máa dúró de ẹ̀rọ fún ọdún 2 títí kíndìnrín yóò fi kú. Fún ọmọ ọwọ́ pàápàá, ojú abẹ gbọọrọ kì í tóbi.

Ìbéèrè tó yẹ kí a bi dókítà nìwọ̀nyí: Ìdá mélòó ni kíndìnrín yìí ṣì ń ṣe? Ṣé iṣan ẹ̀jẹ̀ rékọjá níbẹ̀? Èwo nínú ọ̀nà mẹ́ta yìí ló bá tèmi mu, kí sì nìdí rẹ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ti ṣe irú rẹ̀? Bí ti kámẹ́rà kò bá ṣeé ṣe lójú iṣẹ́, ṣé ẹ lè yí i sí abẹ gbọọrọ? Àti èyí tí ọ̀pọ̀ wa kì í bèèrè: ọjọ́ wo ni ẹ ó yọ rọ́bà inú mi?

8. RỌ́BÀ TÍ A Ń FI SÍLẸ̀ SÍNÚ

Ọ̀nà yòówù tí wọ́n bá lò, wọ́n sábà máa ń fi rọ́bà tín-ín-rín kan sílẹ̀ láàárín kíndìnrín àti àpò ìtọ̀. Stent ni ẹ ó rí nínú ìwé ọsibítù. Orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ ká kọ́rọ́ kó má baà yọ́ kúrò níbi tó wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ìtọ̀ máa kọjá nígbà tí ojú ìrán bá ń jinná. Bó bá wà nínú, ìtọ̀ lè máa gbọ̀n ènìyàn léraléra, ẹ̀gbẹ́ lè máa ta á bó bá ń tọ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì lè hàn. Ẹ má fòyà, yóò lọ bí wọ́n bá yọ ọ́. Ara gbígbóná ni kò gbọdọ̀ sí.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni wọ́n sábà ń fi í sílẹ̀. Yíyọ rẹ̀ kò le: ojú ọ̀nà ìtọ̀ ni wọ́n ń gbà, kì í sì pẹ́. Ṣùgbọ́n ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere ti ń bàjẹ́. Ara ti yá, ìrora ti lọ, ọjà ti ń pè, owó ọkọ̀ sì wọ́n, ènìyàn á ní òun á lọ lóṣù tó ń bọ̀. Rọ́bà tó bá pẹ́ nínú, òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù mọ́ ọn lára, bí èérí ṣe ń ṣù mọ́ inú kẹ́tù tí a fi ń se omi. Bó bá di ọ̀pọ̀ oṣù, kò ní í ṣeé fà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ mọ́. Iṣẹ́ abẹ mìíràn ni, nígbà mìíràn méjì tàbí mẹ́ta. Kíndìnrín tí a ti náwó gbà là tún lè ti ibẹ̀ kú.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ rọ́bà, sìkáànì àti renogram yóò tún wáyé láti mọ̀ bóyá ọ̀nà là. Kí a lọ ṣe é. Ẹran kíndìnrín tó ti kú kì í hù padà, ṣùgbọ́n èyí tó kù lè wà títí ọjọ́ alẹ́.

9. OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ló jẹ́ pé ìgbà tó bá di pàjáwìrì ni wọ́n tó wá yáwó, nígbà tó jẹ́ pé owó sìkáànì kékeré ìbá ti yanjú ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kọ́kọ́ dùn wọ́n. A dábàá ohun mẹ́rin.

Èkíní: kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ya owó àyẹ̀wò sọ́tọ̀, tí ọmọ ẹgbẹ́ lè tètè rí gbà láìwá onídùúró méjì, kó sì san án padà díẹ̀díẹ̀.

Èkejì: bí a bá yá ènìyàn lówó iṣẹ́ abẹ, kí a má ṣe yá a ní ti iṣẹ́ abẹ nìkan. Kí a ka owó yíyọ rọ́bà, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, àti owó àyẹ̀wò ìkẹyìn mọ́ ọn. Bí ó bá sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí akọ̀wé kọ ọjọ́ yíyọ rọ́bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ ìsanwó nínú ìwé, kó sì rán an létí nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan. À ń rántí ọjọ́ gbèsè, ẹ jẹ́ ká máa rántí èyí náà. Ṣùgbọ́n kí akọ̀wé fi í sínú ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ara ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpàdé.

Ẹ̀kẹta: òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà láti wà nínú ètò adójútòfò ìlera, àwa oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà sì wà nínú rẹ̀. Kí àwọn olóyè ẹgbẹ́ lọ bèèrè ní ọ́fíìsì ètò ti ìpínlẹ̀ yín bí a ṣe lè wọlé ní àpapọ̀, àti ohun tí ó ń san àti èyí tí kò san, kí àìsàn tó dé.

Ẹ̀kẹrin: kí a má dá ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún dá ẹrù rẹ̀. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ súnmọ́ tirẹ̀ lè bá a sọ ẹrù kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìtumọ̀ àfọwọ́sowọ́pọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

10. ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

(1) Kí nìdí tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi lè dára nígbà tí kíndìnrín kan ń kú lọ? Ẹ fi àpẹẹrẹ ìsọ̀ méjì ṣàlàyé.

(2) Kí nìdí tí mímu omi púpọ̀ tàbí bíà fi lè dá ìrora náà sílẹ̀?

(3) Àmì wo ló ń béèrè pé kí a lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an?

(4) Nígbà wo ni gígé láti inú kò fi bá aláìsàn mu?

(5) Ọmọ ẹgbẹ́ kan ti gba ìtọ́jú, ara rẹ̀ yá, ó sì ní òun kò lówó ọkọ̀ láti lọ yọ rọ́bà. Kí ni ẹgbẹ́ yín yóò ṣe, láti inú àpò wo sì ni?

Kí olùkọ́ni jẹ́ kí ìbéèrè karùn-ún pẹ́ ju àwọn yòókù lọ, kí ìpàdé sì fẹnu kò lórí rẹ̀ kí a tó túká. Ọlọ́run yóò fún wa ní ìlera, ọjà á máa tà.